Ìka Láṣebìkan Lójú Fèrèsé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ìka ò dọ́gba? Ẹ má wulẹ̀ wo ọwọ́ yín. Ojú fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, níṣojú ogójì akẹ́kọ̀ọ́.

Láṣebìkan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, bí ọmọ márùn-ún. Mẹ́rin gba máàkì tó ga jù lọ ní kíláàsì wọn. Ìkarùn-ún ni Mọ́rádékẹ́. Bí ọmọ yìí bá ṣí ìwé, àwọn lẹ́tà a máa dà rú lójú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sílé pé orí rẹ̀ pé, ìwé kíkà ló ṣòro fún un, kí bàbá fọwọ́ sí i kí wọ́n lè máa fi àkókò kún ìdánwò rẹ̀.

Bàbá ní, "Ọ̀lẹ ti ní orúkọ tuntun."

Ọ̀mọ̀wé ni bàbá, ó kúkú mọ oògùn rẹ̀. Ó gba fóònù ọmọ, ó sì ń ka máàkì àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i létí nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń ki oríkì. Oògùn náà jẹ́ gan-an: nínú ìdánwò tó tẹ̀lé e, Mọ́rádékẹ́ gba méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún.

"Wọ́n ṣì í kà ni," bàbá wí, ó bá wọ́ ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, níbi tí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tò sí.

Akọ̀wé ní kí wọ́n padà wá ní aago méjì. Bàbá rí ìwé ìdánwò Mọ́rádékẹ́ lórí tábìlì nínú ọ́fíìsì, ó ki ọwọ́ bọ àárín àwọn gíláàsì fèrèsé láti fà á yọ. Akọ̀wé ò rí i. Akọ̀wé fa irin tí wọ́n fi ń ti fèrèsé náà, àwọn gíláàsì sì pa dé. Ìka mẹ́rin yọ. Ìka àárín, tó gùn jù, há. Irin náà sì kọ̀, kò ṣeé ṣí mọ́.

Bàbá pe àkọ́bí rẹ̀, ẹnjiníà. Ìyẹn ní kí wọ́n ya fọ́tò fèrèsé náà ránṣẹ́, òun á kàn sí wọn lọ́jọ́ Ajé. Ó pe èkejì, dókítà. Ìyẹn ní kí bàbá máa mu omi dáadáa.

Mọ́rádékẹ́ wo fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tọrọ ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọsàn, ó fi tẹ irin tó di gíláàsì mú, ó sì rọra fa gíláàsì yọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Bàbá di ìka tó ti wú mú. "Mẹ́rin jáde wọ́ọ́rọ́. Kí ló ṣe eléyìí?"

"Bàbá mi," ọmọ dáhùn jẹ́jẹ́, "ìka ò dọ́gba."

Bàbá mú ọmọ, wọ́n gba ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé buwọ́ lu lẹ́tà olùkọ́.

Nítorí náà, ìka ò dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, fèrèsé ṣì wà níbẹ̀. Kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.