Agóòṣì Lórí Òkè

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ojú mi méjèèjì yìí ni mo sì fi rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ kọ́ nìyí, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo wà níwájú.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ò gba títì wa mọ́, orí òkè ni ẹrù oko ń gbà dé Ìdógò, àwọn jàgùdà sì ń dá oníṣòwò lọ́nà níbẹ̀. Ni mo bá kó ọkùnrin mẹ́rin jọ, a di ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń háyà. Àdá mẹ́rin, ìbọn ṣakabùlà kan tí kò dún rí, àti fèrè mi. Kọ́múǹdà ni wọ́n ń pè mí. Ìwé kẹta ni mo ti já lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi fèrè pàṣẹ bíi tèmi. Mo sì ti fọ́nnu káàkiri pé mo gbọ́ Faransé.

Màmá Pọ̀bẹ̀, tí wọ́n tọ́ dàgbà lápá ọ̀hún bọ́dà, ló háyà wa lọ́jọ́ náà. Tòmátì apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni òun àti àwọn alábàárù rẹ̀ rù, gbogbo ohun tó kórè lọ́dún yẹn. Ó ti ń rọ̀. Bí kò bá dé Ìdógò kí ọjà tó tú, ó parí nìyẹn.

A dé oríta lókè, mo bi í pé ibo ni ká gbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ẹrù, ẹnu ló ṣù tó fi júwe lẹ́yìn mi, èmi ò sì wẹ̀yìn: "Agóòṣì, sà, sà!"

Apá òsì, èyí, èyí, ló ń wí lédè Faransé. Èmi gbọ́ Àgọ́sáṣá, ìlú tó wà lápá ọ̀tún. Mo ní ó ti rí oníbàárà síbẹ̀ nìyẹn. Mo fi Faransé dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, "Wí, màdáàmù," mo fọn fèrè, mo kó gbogbo wọn sí ọ̀tún.

A sọ̀ kalẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó bi mí bóyá ọ̀nà àbùjá la gbà, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bí igbó ṣe mì nìyẹn. Àyà mi já, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo pàṣẹ pé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wa nà gbalaja, apẹ̀rẹ̀ náà sì bá wa dọ̀bálẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló yọ, ìdì igi lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí wa nílẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kí mi báyìí. Níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní Àgọ́sáṣá.

"Ta ló rán wa níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?" Àárín koríko ni Màmá Pọ̀bẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. "Agóòṣì ni mo wí. Ọwọ́ òsì. Ọwọ́ tí ẹ fi di fèrè mú yẹn."

Mo ní Faransé tèmi, ti Ayétòrò ni. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún, kó tó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kó wa lọ sí abà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fi tòmátì tó fọ́ se ọbẹ̀, a fi jẹ iṣu, ó sì dùn dé ọrùn. Lẹ́yìn náà ló mú wa gba ẹ̀yìn abà dé Ìdógò. Òun ló síwájú, èmi ni mo gbẹ́yìn. Tòmátì tó kù bá ìparí ọjà.

Láti ìgbà náà, bí mi ò bá gbọ́ èdè, mo máa ń bẹ onítọ̀hún pé kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó fi ọwọ́ júwe. Mo ń rẹ́rìn-ín ara mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí Agóòṣì ni wọ́n ń pè mí ní Ìdógò dòní.

Ohun tó ṣòfò nìyí: apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin, bàtà mi ẹsẹ̀ kan, fèrè tí Màmá Pọ̀bẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi tí kò dá padà, àti orúkọ Kọ́múǹdà.