Fótò Gbọọrọ Tó Sọ Àwọn Ọkọ Wa Di Alángbá

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run? Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ síbẹ̀. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ ń jẹ mí lọ́kàn, bí ẹ bá ní ìdáhùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi: kí ló dé tí ọkùnrin tí inú ń run kì í lè la ẹnu kó sọ pé "inú ń run mí"? Bí orí bá ń fọ́ wọn, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Bí ẹ̀gún bá gún wọn lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù ká gbé wọn pọ̀n. Ṣùgbọ́n kí inú máa run ọkùnrin lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tán, ẹnu ti pa dé nìyẹn. Mo bi ìyá mi, mo bi ìyá ọkọ mi, kódà mo bi Tíṣà Ládèjọ ní kíláàsì àwa àgbà, ó ní kò sí nínú ohun tí ìjọba ní kí òun kọ́ wa. Títí di òní, mi ò rí ẹni dá mi lóhùn.

Ẹ má sì wá sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá yín. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa á, kó wá jókòó síbí kó máa sọ tirẹ̀. Èmi wà ní Ìdí-Ọsàn lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Tíṣà Ládèjọ tí mo dárúkọ yìí, òun ló kọ́ èmi àti àwọn ìyá bíi tèmi ní ìwé kíkà nírọ̀lẹ́. Òun náà ni olóòtú Agbègbè Wa, ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń sọ nípa àwọn abúlé tó yí wa ká: ibi tí iṣu ti tà, ẹni tó joyè, afárá tó já. Orí bébà nìkan ló ti ń jáde. Lọ́dún náà, Tíṣà ní ayé ti kọjá bébà, Agbègbè Wa gbọ́dọ̀ ní ìkànnì lórí ayélujára, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa fi fóònù wò wá.

Ó wá ọmọbìnrin kan kàn ní Ìbàdàn, Simisọ́lá lorúkọ rẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ojú ìkànnì: ibi tí fótò máa wà, ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà, àwọ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa ní. Simisọ́lá ò dé ọ̀dọ̀ wa rí o, orí fóònù ló ti ń ṣe é. Ó ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa ni òun máa lò, nítorí orúkọ abúlé wa. Ó ní lókè pátápátá, fótò ńlá kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá ṣí i máa kọ́kọ́ rí, òun sì ni gbogbo ìkànnì náà máa fi ṣe ojú.

Tíṣà bá pe ìpàdé sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, a ń gbèrò fótò. Àwọn kan ní ká ya ọjà. Àwọn kan ní odò. Baálẹ̀ ní, "Èèyàn ni wọ́n ń yà! Ṣé odò ló ń kọ ebè ni? Ẹ ya àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn tó ń fi iṣu bọ́ gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta sì ni olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀? Gbádébọ̀, ọkọ tèmi, bàbá Tẹniọlá. Ẹ ò rí bó ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà! Ó ń yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, bí ẹni pé onífótò ti lúgọ sínú igbó dè é.

Èmi ní tèmi, ẹ̀rù tètè máa ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti bí Tẹniọlá, bí ọmọ bá sín, mo ti gbọ́ ikọ́; bó bá sùn pẹ́, màá fi ìka sí ihò imú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ẹ wá rò ó wò: láàárọ̀ ọjọ́ fótò, mo gbé àsáró kalẹ̀ fún ọkọ mi, ó ní òun ò jẹ. Gbádébọ̀! Ọkùnrin tó jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ tí eyín ń dùn ún!

Mo ní, "Bàbá Tẹniọlá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ṣé inú ń run yín ni?"

"Ó ti dé! Fótò ni mo ń lọ yà, n ò lọ sí ọsibítù."

Ó dé fìlà, ó jáde. Mo yọjú tẹ̀lé e, mo rí i tó ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ lọ, tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Mo ní ó parí. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó fi inú rírun pamọ́ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí wọ́n gbé e digbádìgbá lọ fún iṣẹ́ abẹ, díẹ̀ ló kù kó gba ibẹ̀ kú. Mo já ewúro lẹ́yìnkùlé, mo gbo ó, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo pọn ọmọ mi, ó di orí àpáta.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé Baálẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ya fótò náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú dàńṣíkí aláwọ̀ ilẹ̀ àti fìlà aláwọ̀ ọsàn, gẹ́gẹ́ bí Simisọ́lá ṣe wí, gbogbo wọn jọra bí ẹyin adìẹ kan. Múkáílà onífótò yà wọ́n níbi tí wọ́n dúró sí, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò pẹ́, fóònù Tíṣà dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Fótò yìí mọ́lẹ̀ dáadáa o. Àmọ́ wọn ò lórí."

Tíṣà ní, "Wọn ò lórí báwo? Orí wọn nìyí lọ́rùn wọn!"

"Sà, ibi tí fótò náà máa wọ̀ gùn gbọọrọ, kò ga rárá. Ó dà bíi pákó ìjókòó. Bí wọ́n bá dúró, ó di dandan kó gé wọn."

Baálẹ̀ fò dìde. "Ta ló fẹ́ gé àwọn ọmọ mi lórí?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un títí, ara rẹ̀ balẹ̀. Ni Múkáílà bá sún sẹ́yìn, ó yà wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Simisọ́lá ní wọ́n ti di èèrà. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Simisọ́lá ní, "Sà, ikùn nìkan ló kún inú ẹ̀." Mo wo ọkọ mi, ó fajú ro, mo di ìgò mi mú dáadáa.

Ẹnì kan bá pariwo láàárín èrò pé, "Ṣebí ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ á gùn gbọọrọ, kò sì ní ga!" Gbogbo ènìyàn hó yèè. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ó sì tún fi ẹ̀kọ́ ilé hàn. Wọ́n ní kí Baálẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n máa kí i, pé bàtà rẹ̀ nìkan ni yóò hàn nínú fótò. Bàtà náà tuntun ni, torí náà Baálẹ̀ ò bínú.

Ni àwọn ọkọ wa bá danú délẹ̀ lórí àpáta, wọ́n tò gbọọrọ. Múkáílà ní kí òun lè rí ojú wọn, àfi kí òun náà danú délẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán wọn, ó sì gbé kámẹ́rà lé iwájú, ó dojú kọ wọ́n.

Ìyá Wòlìmọ́tù tó dúró tì mí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo akọ alángbá olórí pupa tó ń yá oòrùn!"

Simisọ́lá ní látinú fóònù pé, "Ẹ ní kí wọ́n gbórí sókè díẹ̀, sà." Wọ́n gbé e sókè. "Ó ti pọ̀ jù." Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. "Díẹ̀ sí i." Wọ́n tún gbé e. Ẹ̀rín pa wá dórí ìkúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mi orí yẹn, alángbá gan-an ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Tíṣà gbàgbé nìyí: lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Baálẹ̀ wolẹ̀, ó rí ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ níwájú bàtà rẹ̀, inú rẹ̀ yọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ!"

"Àmín!"

"Iṣu yín ò ní jẹrà lábẹ́ ilẹ̀!"

"Àmín!"

Oòrùn ń ràn, àpáta ń gbóná, Baálẹ̀ ò sì tíì kúrò lórí iṣu, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kan àgbàdo. Láìpẹ́ ni a gbọ́ ọ: "Hììì! Inú o!"

Baálẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ṣàmín látọkàn wá! Ẹ fara wé e!"

Àmọ́ èmi ti gbọ́ tèmi. Mo ní ọkọ mi nìyẹn. Mo já ìdérí ìgò, mo sáré gun àpáta, ọmọ ń mì lẹ́yìn mi. Ìgbà tí mo débẹ̀, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ: aṣọ kan náà, fìlà kan náà, gbogbo wọn ti dojú dé àpáta nítorí àdúrà. Èwo wá ni ọkọ mi? Mo wo ẹ̀yìn ọrùn kan tó jọ tiẹ̀, mo gbá orí náà mú, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá Tẹniọlá, ẹ gbé e mì, ẹ máà wò ó!"

Ó ti gbé e mì kí ojú wa tó ṣe mẹ́rin. Ṣítù ni, ọkọ Ìyá Wòlìmọ́tù.

"Ìyá Tẹniọlá, kí ni mo fi ṣe yín? Ewúro!"

"Ẹ máà bínú, bàbá Wòlì. Ẹ dọ̀bálẹ̀ yín lọ."

Ewúro kọjá lọ́nà ọ̀fun Ṣítù, òun náà wá kérora tòótọ́. Ìyá Wòlìmọ́tù gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ó figbe ta: "Áà! Tèmi ni! Ẹ̀wà tó ṣẹ́kù lánàá ló jẹ!" Ó sáré wọ ilé Baálẹ̀, ó gbé omi iyọ̀ jáde. Kó tó padà, kò mọ ibi tó fi Ṣítù sí mọ́, ó da omi iyọ̀ sẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyẹn náà kérora. Àwọn ìyàwó yòókù rò pé àrùn náà ti ń ràn. Wọ́n rọ́ gun àpáta. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó tuntun, kúnlẹ̀, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni?" Wọ́n ń dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: "Èmi kọ́." "Èmi kọ́." "Èmi kọ́ o." Ẹnì kan ti fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná lé ọkùnrin kan lẹ́yìn, ìyàwó tó ni ọkùnrin náà fà á bọ́.

"Ọkọ mi lo fẹ́ bó bí ẹran?"

"Kí ló dé tí o ò fi àmì sí i lára?"

Tíṣà ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá! Ẹ ti wọ inú fótò! Ẹ kúrò nínú fótò!" Baálẹ̀ ò tilẹ̀ lajú. Gbogbo ìkérora yẹn, àmín ló gbọ́ ọ sí. Ó kúrò lórí àgbàdo, ó bọ́ sórí ẹ̀gẹ́. Kámẹ́rà Múkáílà ń dún ṣákáṣáká, òun náà ò kúrò lórí ikùn rẹ̀.

Nígbà tó yá ni Baálẹ̀ sọ pé, "Ó tó. Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ rere." Ìgbà yẹn ló lajú rí wa pẹ̀lú ìgò, abọ́ àti aṣọ gbígbóná. Wọ́n ròyìn fún un. Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin náà.

"Ta ni inú ń run nínú yín?"

Ẹnì kan ń wo sánmà, ẹnì kan ń gbọn eruku ikùn rẹ̀ dànù. Mo fa ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ti lé ròrò sí mi lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ń run yín gan-an?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rọra sọ̀rọ̀. Inú ò run mí. Ebi ni mo fi pa ara mi, kí ikùn mi má baà yọ nínú fótò."

Mo ní, "Wọ́n wá ní kí ẹ fi ikùn náà ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní kí n sùn lé e." Ó gbé itọ́ mì. "Ṣé àsáró yẹn ṣì kù?"

Àyà mi sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí Ọlọ́run fi í sí. Mo rẹ́rìn-ín títí Tẹniọlá fi jí lẹ́yìn mi.

Baálẹ̀ ò rí ẹni dá a lóhùn. Nígbà tí àpáta ṣófo, àwọn alángbá tí a lé kúrò láàárọ̀ ń padà bọ̀, wọ́n ń danú délẹ̀ ní ibi tí àwọn ọkọ wa fi sílẹ̀. Baálẹ̀ wò wọ́n, ó wo àwọn ọkùnrin, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run."

Tíṣà kọ ọ́ sábẹ́ fótò, nítorí èyí tí gbogbo wa wọ̀ yẹn gan-an ni Simisọ́lá yàn. Ó ní kò sí èyí tó wọ pákó náà tó o. Àwọn ọmọ wa lókè òkun kọ̀wé wálé, wọ́n ní inú àwọn dùn, pé ẹ wo bí àwọn ọkùnrin Ìdí-Ọsàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ sì wo bí àwọn obìnrin wọn ṣe ń fún ọkọ wọn ní omi mu. Òwe náà bá fótò rìn, ó dé ibi gbogbo. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jọra, tó dákẹ́ bákan náà, á ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi àti ìyàwó Múkáílà jọ tò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wa, ni mo tó gbọ́ pé Múkáílà onífótò ni inú ń run lọ́jọ́ náà. Láti ilé ló ti ń run ún.