Ọjọ́ Tí Mo Pọn Ọmọ Gba Malu Road

Mo ti pọn ọmọ rí. Nínú kóòtù àti táì, mo pọn ọmọ láti Malu Road dé ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì gbó lọ́kàn mi.

Iṣẹ́ kílíárìn ni mò ń ṣe ní èbúté Àpápá nígbà náà, mò ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde. Mo máa ń jáde nílé kí Bọ́sẹ̀, àkọ́bí mi, tó jí; nígbà tí mo bá fi padà, ó ti tún sùn. Lójú tèmi, bàbá rere ni mí: mílíìkì kò wọ́n nílé.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ibà dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sì pé. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí ń gba ẹrù kọ̀ǹtéénà jáde, ṣé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ni yóò dà á láàmú?

Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ wọlé, Bọ́sẹ̀ figbe ta. Nínú ìdààmú náà, mo gbàgbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fi dé Malu Road, mo ti na ọmọ síwájú bí ẹni gbé páálí ẹyin, òun náà sì ń nawọ́ sí gbogbo obìnrin tí ń kọjá, kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló gba ìgboro lákòókò náà. Àwọn mẹkáníìkì yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ àjàgbé.

"Ọ̀gá, ọmọ ta nìyẹn?" Ẹni tó di sípánà mú ló béèrè.

"Ọmọ mi ni."

"Ná so! Ọmọ yín, kò fẹ́ rí yín sójú? Káàdì ẹ̀ ńkọ́?"

Mo tọwọ́ bọ àpò. Kò sí káàdì.

Ìyá àgbà kan tí ń yan bọ̀ọ̀lì létí títì dá wọn dúró. "Ẹ ní sùúrù. Bàbá ọmọ, ẹ ki ọmọ yín ká gbọ́. Tó bá gbọ́ oríkì ẹ̀, á dákẹ́."

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo kàwé dé góńgó, oríkì ọmọ mi fò lọ! "Àjọkẹ́," ni mo wí. Igbe. "Àyìnkẹ́?" Igbe ńlá. "Àbẹ̀kẹ́…"

"Ọmọ mélòó lẹ ń kì, sà?" ni oní-sípánà bi mí. Èrò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnìkan ti wà ní kọ́là mi.

Ìyá náà wo ojú mi, ó wo ojú Bọ́sẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, jàre! Ẹ ò rí etí ni? Etí gbàgàdà báyìí, ta ló ń jí irú ẹ̀ gbé? Bàbá ẹ̀ ló fún un."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí òun lè di ọmọ mọ́ mi lẹ́yìn.

"Èmi? Nínú kóòtù?"

"Ṣé kóòtù ló ń sunkún ni?"

Ó gbé Bọ́sẹ̀ kọ́ mi lẹ́yìn, ó dì í pinpin, ó ní kí n máa mira, kí n sì máa kùn. Mo kùn. Kò pẹ́, ẹkún rọlẹ̀, orí kékeré kan sì fara ti ẹ̀yìn mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ mi sùn mọ́ mi lára.

Awakọ̀ àjàgbé kan láàrin èrò sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ojú títì ni mo wà nígbà tí tèmi hu eyín, ojú títì náà ni mo wà nígbà tó rìn. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. 'Ẹ káàárọ̀, sà' nìkan ló ń bá mi sọ. Ẹ má jẹ́ kí tiyín bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Mo fẹ́ dá ìborùn padà, ìyá kọ̀. "Ẹ máa mú un lọ. Ẹ óò tún lò ó."

Àwọn ọmọ àdúgbò sìn mí délé, wọ́n ń pariwo pé, "Dádì pọnmọ o!" Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi làágùn. "Àṣàkẹ́ ni, Bàbá Bọ́sẹ̀. Àṣàkẹ́!"

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń tètè dé ilé. Àwọn ẹrù kan sùn sí èbúté nítorí rẹ̀. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹrù a máa dúró de ni, ìgbà ọmọdé kì í dúró.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ mi ni ó gbé e sí. Ayọ̀ mú mi pariwo débi pé ẹ̀rù bà á, ó jókòó pẹ̀ẹ́, ó sì bú sẹ́kún. Kí ni èmi náà ì bá ṣe? Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ kí ó lè gùn mí lẹ́yìn.