Ẹni Tó Ṣí Ilé Ìwòsàn Láìgba Àṣẹ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìyeyè, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó dá ọmọ ọlọ dúró. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó fi ìjà náà síbẹ̀, yóò bá a níbẹ̀ tó bá padà. Ẹni tó wà ní ṣáláńgá, kó máa gbọ́ láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba kì í sá fún òórùn.

Èmi Làmídì ni, akéde yín. Ẹ má bi mí pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ kọjá lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, mo fo ibì kan nínú ìwé tí wọ́n fún mi, nítorí ẹnu mi ò gbé e. Ní báyìí mo ti mu omi, mo ti jókòó díẹ̀, mo fẹ́ kà á tán. Agogo mi ti sán, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá lù ú, bí abọ́ fífọ́ ló ń dún. Agogo ìjọba náà nìyẹn, ẹ bá mi fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹni tí oyè rẹ̀ nìkan gba ojú ìwé kan àbọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo máa fò lẹ́ẹ̀kẹta yìí. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, ẹnì kan ṣí ilé ìwòsàn wa. Kò gba àṣẹ. Kò gé rìbọ́ọ̀nù. Kò pe oníròyìn. Ó kàn ṣí i bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Alága gbọ́, ara rẹ̀ ò gbà á. Ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣí lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ń múra àtiṣí lẹ́ẹ̀karùn-ún ní Sátidé yìí, ta lẹni náà tó lọ ṣí i mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ẹ rántí ìṣísílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi ni mo ké gbogbo rẹ̀. Àkọ́kọ́, mo ní kẹ́ ẹ wá, ẹ wá. Alága gé rìbọ́ọ̀nù, a pàtẹ́wọ́, a jẹ ìrẹsì inú ike, a lọ sílé. Ìkejì, wọ́n kun ilé náà ní ọ̀dà tuntun, a tún wá, a tún jẹ. Ìkẹta, kọmíṣánnà ló fẹ́ rí i. Ìkẹrin, mi ò mọ ohun tó fà á títí dòní, ṣùgbọ́n ẹran wà nínú ìrẹsì ọjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó wọlé nínú wa. Alága ò wọlé. Kọmíṣánnà ò wọlé. Èmi tí mo jó títí fìlà fi bọ́ lórí mi, mi ò wọlé. Ẹ mọ ìdí. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn iwájú, gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀dà pupa: TÌ. Gbogbo wa la mọ̀wé. A kà á pé ilẹ̀kùn tì, a sì yíjú padà.

Ẹ gbọ́ àṣẹ o.

Àṣẹ kìn-ín-ní. Láti òní lọ, ilé ìwòsàn ti di títì, kó baà lè ṣeé ṣí. Mo tún un kà: ó ti di títì, kó baà lè ṣeé ṣí. Ẹni tó bá ti rí i ní ṣíṣí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó gbàgbé. Ẹni tí kò bá lè gbàgbé, kó wá sí ọ́fíìsì, wọn yóò fún un ní fọ́ọ̀mù.

Àṣẹ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣàìsàn títí di Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀fọ́rí kékeré, ìjọba fàyè gbà á. Ibà, rárá. Aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, kó fi pẹ̀lẹ́ bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé yóò gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu. Ìyàwó Gbádébọ̀ káfíńtà, ìwọ ni wọ́n ń bá wí, gbogbo ìlú ló ń wò ó bó o ṣe ń rìn. Ẹni tó bá rú òfin yìí, iwájú pátápátá ni yóò jókòó ní Sátidé, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Alága láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ní dìde lọ tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú nígbà ìkẹta, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Àṣẹ kẹta. Ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ wa ni. Ìròyìn tó ti ilé ìwòsàn yìí jáde sọ pé láti ọdún méjì, kò sí aláìsàn kan ṣoṣo ní Òkè-Ìyeyè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún wa ní àmì ẹ̀yẹ Ìlú Tí Kì Í Ṣàìsàn. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì Alága, ó ń dán. Kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́ lójú títì bí ọkọ̀ ìjọba bá ń kọjá. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbọ̀n, kó wọgbó lọ wú u. Ẹni tó ń tiro, kó máa tiro lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹ ó bi mí pé ta ló kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Àṣẹ kẹrin. Òjò ti pa ibẹ̀. Mi ò rí ju "ewúrẹ́" àti "ẹ̀wọ̀n" lọ. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́, kó yáa fura.

Àṣẹ karùn-ún. Àwọn kan ti ń sọ káàkiri pé ọ̀rọ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn. Alága ti gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá dìde láti wá ìtumọ̀ TÌ. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú òyìnbó, kí wọ́n lè bi àwọn òyìnbó ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Títí wọn yóò fi dé, kí ẹnikẹ́ni má lo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà, kó má sọ pé kí wọ́n bá òun tì í. Kó fọwọ́ júwe. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó ní sùúrù.

Àṣẹ kẹfà.

Ibi tí mo fò nìyí.

Ìjọba ń wá ẹni tó ṣí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó ga díẹ̀, ó dúdú, ó dé fìlà abetí-ajá tó ti ṣá, ó sì gbé nǹkan kan dání tó ń dún bí abọ́ fífọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá wí. Ẹ̀yin ará Òkè-Ìyeyè, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni.

Ẹ mọ Ṣìfáwù ọmọ mi, èyí tó ń ránṣọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọbí mú un. Èmi àti ọlọ́kadà gbé e sáàárín, a forí lé Agbédè, ibi tí gbogbo wa ń sá lọ bí ara ò bá yá, máìlì méjìlá gbáko. Táyà bẹ́ níwájú ilé ìwòsàn wa. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, òjò dé. A sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn, mo tún ka TÌ, mo bú ẹni tó kọ́lé àti ẹni tó kùn ún. Ọmọ mi ò ka nǹkan kan. Ìrora ló mú un, ó fara ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò tiẹ̀ dún.

Nọ́ọ̀sì Morádékẹ́ jókòó nínú ilé, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀. Láti Agbédè ló ń wá, ọ̀nà ẹ̀yìn odò ló ń gbà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń bá wọlé, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Sátidé la máa ń ṣe ìṣísílẹ̀, Sátidé ni kì í wá. Lójoojúmọ́ ó ń gbálẹ̀, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí wa. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ara àwọn ará ìlú yìí mà le o. Òun rò pé àwa la kì í ṣàìsàn. Àwa rò pé ìjọba ló tilẹ̀kùn mọ́ wa.

Òun ló wá là mí lọ́yẹ̀. Alága ló pàṣẹ pé ká gbé èdè wa lárugẹ, ká má kọ òyìnbó sára ilé ìjọba mọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn báńkì lédè òyìnbó, pé kéèyàn fọwọ́ tì í kó lè wọlé, ohun tí ọlọ́dà kọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́ rí, agbaṣẹ́ṣe ò fi sí i. Ilẹ̀kùn ò tì. Ojú ló yẹ kó tì wá.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, Ṣìfáwù bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà ké, ohùn rẹ̀ ju ti agogo mi lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó yá, mo bọ́ síta, mo sunkún nínú òjò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kó má kú sí mi níkùn. Oyún àkọ́kọ́ Ṣìfáwù, lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin náà bá wa dárò. Ọjọ́rú ni, ọ̀sán ni. Mo gbé e dé iwájú ilẹ̀kùn yẹn lórí ọ̀kadà. Mi ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ka TÌ, mo ní kí ọlọ́kadà yí i padà sí Agbédè. Ọmọ náà ò dé Agbédè láàyè. Odindi ọdún kan ni mo fi bú ìjọba. Ọjọ́rú ni o. Nọ́ọ̀sì wà nínú ilé. Ó ní òun rántí ọ̀kadà kan tó dúró lọ́jọ́ kan, tó kùn díẹ̀, tó sì tún lọ. Ìjọba jẹ̀bi, mi ò ní dá a láre. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mi ò nà sí ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ni. Mo ké ìṣísílẹ̀ mẹ́rin, mi ò fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn náà.

Ó kù díẹ̀ kí n parí.

Àṣẹ keje. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì di bíbí. Ní Sátidé, lẹ́yìn rìbọ́ọ̀nù, yóò di bíbí níwájú àwọn oníròyìn. Kí ìyá rẹ̀ wá múra àtirọbí fún fọ́tò. Mo ti jíṣẹ́ yìí fún Ṣìfáwù. Èsì tó fọ̀, akéde ò gbọdọ̀ gbé e sáàárín ìlú.

Àṣẹ kẹjọ. Ìyà ẹni tó ṣí ilé ìwòsàn ni pé kó gbé agogo, kó yí ìlú ká lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa fẹnu ara rẹ̀ ké ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́ ò já gaara, ẹ ṣàánú mi, ẹ kà á mọ́ ọn.

Àṣẹ kẹsàn-án, òun ló kẹ́yìn. Àgádágodo ilẹ̀kùn náà ni wọn ì bá fún mi, ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò fi rà á ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan, ẹni náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó lọ ìlú òyìnbó. Nítorí náà wọ́n kọ àṣẹ náà ní ṣókí. Bó ṣe wà ni mo ṣe ń kà á, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀: "Kí akéde kó ará ìlú lẹ́yìn lónìí, kí wọ́n lọ bá ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, kí wọ́n tì í." Alága fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi ka lẹ́tà méjì yẹn ṣì. Mi ò ní kà á ṣì lónìí.

Ìyàwó Gbádébọ̀, ìwọ ni wàá ṣíwájú, máa rọra bọ̀, ọkọ rẹ á dì ọ́ mú. Ẹni tí ibà ń ṣe, kó máa bọ̀. Ẹni tó ń tiro, kó jáde lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó wọgbó lọ wúkọ́, ẹ bá mi pè é. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́rin. Ẹ má kanlẹ̀kùn, ẹ má fà á, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá mú wa, ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Akéde ti ké tirẹ̀ tán. Ẹnu ti ṣe tiẹ̀, ó ku ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ tì í.