Láti Òní Lọ, Ààfin Kò Ní Ìránṣẹ́ Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Ìdí-Àfọ̀n, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sinmi díẹ̀, ìjà ò ní sá lọ. Èmi Ọlátòyan akéde ni mo ń ké o! Kábíyèsí ló rán mi, n kò rán ara mi.

Ẹ ṣáà mọ kọ̀ǹpútà gàgàrà tó wà lẹ́yìn ààfin, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Òun ló ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ tí a bá bí, òun ló sì ń pín omi ẹ̀rọ fún àdúgbò. Ó ń mu epo jẹnẹrétọ̀ bí ẹni mu ẹ̀kọ. Ó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi sọ ọ́ di ibùsùn. Ọmọọba Adéṣúpọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílùú ńlá, wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ayé ti kọjá ìyẹn. Ó ní ká kó iṣẹ́ náà lọ sórí àwọsánmà. Àwọn tó ni àwọsánmà ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ àti iná; tiwa ni ká ṣáà kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa sùn. Bí a bá pè é, yóò jí, yóò ṣe tirẹ̀, yóò padà sùn. Kò sí sáfà mọ́! Olóyè Ọ̀tún bèèrè ohun tó ń jẹ́ sáfà. Ọmọọba ní, lédè Yorùbá, ìránṣẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di òfin. Ẹ gbọ́ o!

Òfin kìn-ín-ní. Kò sí ìránṣẹ́ láàfin mọ́! Mo ní kò sí ìránṣẹ́ láàfin mọ́! Ẹni tó ń gbé agbòòrùn ọba yóò máa sùn nílé rẹ̀. Bí a bá pè é, kó wá ṣí agbòòrùn, kó pa á dé, kó sì gbàgbé pé òun wá. Bó bá tún padà wá, kò gbọdọ̀ sọ pé òun mọ Kábíyèsí rí. Iṣẹ́ àwọsánmà kì í rántí àná. Ẹni tó bá rántí àná, abẹ̀bẹ̀ ni yóò fi máa fẹ́ sáfà àtijọ́ títí yóò fi tutù!

Òfin kejì. Ẹni tí a kò pè láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá jí, yóò kọ́kọ́ yán. Ẹ má bú u. Bí ti àwọsánmà ṣe rí nìyẹn, ìpè àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Àwọn ọkọ kan ti ń fi òfin yìí ṣe àwáwí nínú ilé. Kábíyèsí ní òun ò rán wọn.

Òfin kẹta. Iṣẹ́ tó bá pẹ́ jù, a ó gé e níbi tó bá dé. Onígbàjámọ̀ ọba pẹ́ jù láàárọ̀ yìí. Ẹ óò rí orí Kábíyèsí lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ìlú ni yóò fi sílẹ̀!

Òfin kẹrin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé òjò mọ́! Orúkọ àwọn ọmọ yín ló wà lókè yẹn. Ẹni tó bá tú àwọsánmà ká, ọmọ ìlú ló tú ká. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí kò sí àwọsánmà lójú ọ̀run, kí àwọn aláboyún ní sùúrù, kò síbi tí a ó kọ orúkọ ọmọ sí.

Ọmọọba ti sáré padà wá láàárọ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní ẹ̀rọ lòun ń sọ, òun ò sọ èèyàn. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí ti fọwọ́ sí i. Ta ni yóò bi ọba léèrè?

Òfin karùn-ún, èyí sì dùn mí o. Akéde náà, ìránṣẹ́ ni. Bàbá mi lu agogo yìí, èmi náà lù ú títí irun mi fi funfun. Ìgbẹ̀yìn ìkéde mi rèé. N ó gbé agogo wọlé, n ó sì sùn títí wọn ó fi pè mí. N kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ni mo gbé wá, òfin náà ni n ó tẹ̀ lé. Bí Kábíyèsí bá fẹ́ pa òfin yìí rẹ́, àfi kí akéde ké e kó tó lè rẹ́. Kò sì sí ìránṣẹ́ tí wọn yóò rán wá pè mí mọ́. Ilé mi wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìlọta, ní Ìsàlẹ̀ Odò. Ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́rẹ̀ díẹ̀. Kí Kábíyèsí rọra ká agbádá sókè.

Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tí kò gbọ́! Ẹnu ọba ni mo fi ké, ẹsẹ̀ ọba ni mo ń retí. Mo ti lọ sùn o!