Ọkọ̀ Tó Ń Bá Ẹja Du Iná

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Catherine ń to ẹja sínú fírísà níwájú ilé wọn ní Òkìtìpupa nígbà tí lọ́rì kan yà wọ inú ọgbà. Ọkọ̀ funfun kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi okùn dè é tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọkọ Catherine, Tíṣà Lucas, bẹ́ sílẹ̀ láti iwájú lọ́rì, ẹnu rẹ̀ kò pa dé.

"Màmá Tómi, wá wò ó! Ọkọ̀ wa dé!"

Catherine nu ọwọ́ sára ìró. "Háà, Baba Tómi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibo ni jàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀?"

"Jàǹbá wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní Èkó ni."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, wọ́n sì gbé e pọ̀n wálé?"

"Agbára inú rẹ̀ kò lè gbé e láti Èkó dé ibí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ni mo bá ní kí lọ́rì gbé e."

"Ọkọ̀ tí a rà pé kó máa gbé wa, òun gan-an wọkọ̀ wá."

"O ò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ iná ni."

Catherine sún sẹ́yìn. "Ọkọ̀ panápaná? Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Kì í ṣe iná tó ń jó! Iná mọ̀nàmọ́ná ni mò ń wí. Kì í mu epo, kò ní èéfín, kò ní sàlẹ́ńsà. Iná nìkan lóúnjẹ rẹ̀."

Catherine wo òpó iná tó wà níwájú ilé. Ewé ti lọ́ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ títí dé orí wáyà.

"Iná wo, Baba Tómi? Ní Òkìtìpupa yìí?"

Lucas rọra gbójú sókè sí orí òrùlé, níbi tí sólà wọn wà. Catherine tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Rárá o."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ojú yín ti sọ ọ́. Fírísà mi ni sólà yẹn wà fún. Ẹja ló ni ín."

"Títí di ọjọ́ Àìkú péré ni. Àbí kí la fẹ́ gbé lọ sí ìdúpẹ́ Màmá ní Àjàgbà?"

"Ọkọ̀ wa àtijọ́ ńkọ́?"

"Mo ti tà á."

"Ẹ ti tà á!"

"Ẹni tó rà á sọ pé mo ṣeun."

Catherine jókòó sórí fírísà. Bí iná bá kúrò nínú fírísà, ẹja á jẹrà. Bí kò bá sì kúrò, ìyá rẹ̀ á ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kò ní sí níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó dìde.

"Ẹ fà á sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹja yìí, inú epo gbígbóná ló ń lọ. Ẹ ní ọkọ̀ yín kì í mu epo? Ẹja mi máa bá a mu ún."

Lucas fa wáyà láti inú ilé, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò tó wà lára ọkọ̀. Catherine dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ tún wá so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́."

"Ó ń gba agbára ni."

"Ewúrẹ́ tí a so náà ń jẹun."

Láti ìgbà náà, Catherine kò kúrò nídìí agbada. Títí di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń dín ẹja, Lucas náà sì ń lọ yọjú wo ọkọ̀ bí ẹni tó ní aláìsàn nílé.

"Ó ti jẹun tó báwo?" Catherine bi í.

"Ó ń sún mọ́ ìlàjì."

"Láti àná?"

"Ìkùukùu ló bo oòrùn."

"Àwọn ará ilé kejì ti béèrè ohun tí à ń sè. Mo ní ọkọ̀ ni."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì wọ sùtánà funfun, wọ́n kó àwo ẹja díndín àti púpurú ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Lucas tẹ bọ́tìnnì kan, ó na ẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣáná sí i ká máa lọ," ni Catherine wí.

"Mo ti ṣáná sí i."

"Kò dún."

"Kì í dún."

"Baba Tómi, bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ sọ fún mi. Èmi ni ìyàwó yín, mi ò ní—"

Ọkọ̀ gbéra. Catherine di ìjókòó mú, ó bojú wẹ̀yìn.

"Jésù! Ta ló ń tì wá?"

"Kò sẹ́ni tó ń tì wá. Ìmọ̀ nìyẹn!"

Lucas tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ fò síwájú. Ó tan éésì kí inú ọkọ̀ lè tutù, ó tan rédíò, ó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ Òde-Ayé, wọ́n bá ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sáàárín títì. Kò gbọ́ pé nǹkan kan ń bọ̀. Lucas dúró, ó fun fèrè. Ewúrẹ́ wò ó, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Kò gbà pé ọkọ̀ ni wá," ni Catherine wí. Ó yọ orí síta. "Hùùn! Hùùùn! Gbìì!"

Ewúrẹ́ fò dìde, ó sá wọ igbó.

"Kí nìyẹn?" Lucas béèrè.

"Ohùn ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ máa lọ."

Wọ́n ń lọ. Catherine yíjú sí fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀.

"Mo gbọ́ o," Lucas wí.

"Kí lẹ gbọ́?"

"O ní, 'Ẹni tí kò fi nǹkan lọ èèyàn kó tó rà á.'"

Catherine fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ gbọ́ ọ? Ọkọ̀ yìí mà léwu o! Láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni mo ti ń sọ tẹnu mi nínú ọkọ̀ àtijọ́, tí sàlẹ́ńsà ń bò mí láṣìírí."

"Kí lo máa ń sọ?"

"Ẹ jẹ́ kí ó ti kọjá."

Lucas kò lè bínú. Ó pa rédíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin ìdúpẹ́ lábẹ́ imú. Catherine tẹ́tí sílẹ̀.

"Baba Tómi, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọrin yẹn? Ohùn yín dùn tó báyìí?"

"Mo máa ń kọ ọ́ nígbà gbogbo tí mo bá ń wakọ̀."

"Mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ tún un kọ."

Lucas tún un kọ. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ojú rẹ̀ bọ́ sára àmì agbára níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa éésì.

"Kí ló dé tí ẹ pa á?" Catherine béèrè.

"Atẹ́gùn Ọlọ́run dára fún ara."

"Ẹ pa rédíò, ẹ pa éésì. Kí ló kù nínú ọkọ̀ yìí?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ tó báwo?"

"Màmá Tómi, òkè kan ń bọ̀ níwájú. Tí o bá lè sọ̀kalẹ̀, kó lè fúyẹ́..."

Catherine wò ó.

"Kí o kàn gbé àwo ẹja kan dání," Lucas fi kún un wẹ́rẹ́.

"Èmi àti ẹja? Mi ò sọ̀kalẹ̀! Láti ilé lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí káwọn èèyàn lè wò yín. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́."

Lucas rọra tẹ̀ ẹ́. Ó lọ́ra débi pé bàbá arúgbó kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ré wọn kọjá, ó sì kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Báyìí ni wọ́n ṣe fà á títí wọ́n fi wọ Àjàgbà. Àwọn èèyàn ti ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Lucas gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó, ó ń dúró.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?" Catherine béèrè.

"Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn."

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé a dé. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ká jó."

Wọ́n jó, wọ́n jẹun, ẹja tán pátápátá. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Catherine jáde láti yàrá ìyá rẹ̀, ó bá Lucas lórí àtẹ̀gùn tó fọwọ́ lérán.

"Ṣé ọkọ̀ lè gbé wa padà?"

"Kò lè kúrò ní ìlú yìí."

"Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Dùùrù ló mu epo rẹ̀ tán. Sólà Màmá nìkan ló kù, ó sì kéré. A ní láti dúró de oòrùn ọ̀la, bóyá ti ọ̀túnla pẹ̀lú." Ó tẹ orí ba. "Ó dùn mí. Lọ́dún tó kọjá tí a wá síbí, èéfín ọkọ̀ àtijọ́ sọ sùtánà rẹ di dúdú. O lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ẹbí má bàa rí ọ."

Catherine yíjú sí i. "Ìdí tí ẹ fi rà á nìyẹn?"

"Mo kàn fẹ́ kí o wọlé ní funfun."

Catherine jókòó tì í, ó gbọn eruku kúrò léjìká sùtánà ọkọ rẹ̀. Funfun ni sùtánà tirẹ̀ náà ṣì jẹ́, títí dé etí.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni Màmá wí? Inú wọn á ti bàjẹ́ sí mi."

"Inú wọn bàjẹ́ kẹ̀? Wọ́n ti ń tẹ́ ẹní. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, bí ẹ bá ti ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ báyìí, ẹ ti ń wá kọ́kọ́rọ́." Ẹ̀rín gbé Catherine. "Wọ́n ní ọkọ ọmọ àwọn kò mọ ilé àna í sùn, àmọ́ kí n bá àwọn kí ọkọ̀ ọmọ àwọn: òun mọ̀ ọ́n sùn."