Ọkọ̀ Pupa Bọ́ra Sílẹ̀

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ra ọkọ̀ pupa, àkọ́kọ́ tó ní láyé rẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀ọ́tán. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó wà á padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì da èèpo ọ̀dà pupa sórí tábìlì Mọ̀ọ́tán.

"Mọ̀ọ́tán, ọ̀dà ọkọ̀ mi ń bọ́."

Mọ̀ọ́tán ò gbójú kúrò lára fóònù. "Ó ń bọ̀? Kó dé láyọ̀, Mà."

"Ta ló ní ó ń bọ̀? Ó ń lọ ni! Ó ń bọ́ra sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀!"

"Àá, oòrùn ni. Ẹ ń gbé e sóòrùn jù."

"Abẹ́ òrùlé ló ń sùn, tó ń jí."

"Ẹ ò rí i? Kò róòrùn tó. Ṣé ẹ ń fọ̀ ọ́?"

"Omi lásán ni mo fi ń fọ̀ ọ́."

"Láìsí ọṣẹ! Ara ń yún un nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ fi omi lásán wẹ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́ta, ká wò ó bóyá ẹ ò ní bó."

Agbẹ̀bí dìde. "Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀dà pupa ti ṣí níbẹ̀, àwọ̀ ewé yọ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà funfun sì wà lára àwọ̀ ewé náà.

"Awò tí mo fi ń kàwé wà nílé. Bá mi kà á."

Mọ̀ọ́tán wúkọ́. "Ilé ẹ̀kọ́… ọkọ̀ wíwà."

"Kà á tán."

"Ẹ yàgò, kò tíì mọ̀ ọ́n wà."

"Abájọ! Láti ìjẹta ni gbogbo ọkọ̀ ti ń yà fún mi. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fágbà ni! Ṣebí o ní tuntun ni?"

"Mi ò sọ tuntun, Mà. 'A tún un tún' ni mo wí. Ẹ̀yin lẹ sáré gbọ́."

"Ó dáa. Ọ̀dà tó bọ́ sílẹ̀ yìí, kí là ń pè é?"

"Ọ̀dà ilẹ̀."

"Pè é kíákíá."

"Ọ̀dàlẹ̀."

"O ṣé. Mo ti ń wá orúkọ tí màá máa pè ọ́."

"Ẹ má bínú, Mà…"

"Ta ló gbẹ̀bí ìyá ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni mo fà ọ́ jáde. Má jẹ̀ẹ́ kí n wá ọ̀nà tí màá fi dá ọ padà síbẹ̀."

Ó kọjá sídìí ọkọ̀ dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi èékánná ha á. Kò sí nǹkan tó bó. "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni. Ọ̀dà ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ṣì wà lára ẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ọkọ̀ tèmi? Láéláé!"

Tọkọtaya kan ń wọlé bọ̀ láti ẹnu géètì, wọ́n fẹ́ rajà. Agbẹ̀bí gbé ohùn sókè. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ bá mi wo—"

Kọ́kọ́rọ́ ti balẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó tún dígí ṣe, ó ṣíná ọkọ̀. Mọ̀ọ́tán rọ̀ mọ́ fèrèsé.

"Mà, tí ìyàwó mi bá bi mí pé ọkọ̀ dà, kí ni kí n wí?"

"Sọ fún un pé ọkọ̀ ti lọ, ó ku ọ̀dà."